Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìwúwo àti Ìwọ̀n Ara Àgùntàn Ìbílẹ̀ Nínú Agbo Abúlé

1. Ìfáàrà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹran ọ̀sìn mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ máa fi kọ ìwúwo àti ìwọ̀n ara àwọn àgùntàn ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì fẹ́ kí n bá òun yí i sí Yorùbá, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ni yóò máa bá wọn di ẹran mú, tí wọn yóò sì máa kọ iye tí wọ́n bá rí. Mo fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ náà, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìwé náà padà dé láti abúlé méjì, a rí i pé apá kan nínú ohun tí wọ́n kọ kò ṣeé pa pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó wọn ẹran. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí mo yàn ni.

Ohun tí àṣìṣe yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kì í ṣe pé a kò ní ohun tó lè tọ́ wa sọ́nà nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Láti ọdún 1970 tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni a ti rí i dájú pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Èkejì rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni àwọn ìwé wọ̀nyẹn gbájú mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọn àgùntàn lè ṣí wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí ibi tí yóò gbé téèpù lé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi ìwúwo àgùntàn abúlé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ojú ni alápatà fi ń ra ẹran láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Bí a bá fẹ́ fún àgùntàn ní òògùn aràn inú, iye kílò tí ẹran náà wúwo ni a fi ń mọ iye òògùn tí a ó dà sí i lẹ́nu. Bí òògùn bá kéré jù, èyí tó lágbára nínú àwọn aràn náà ni yóò yè, òun ni yóò sì máa bí sí i, títí òògùn kò fi ní ràn wọ́n mọ́. Bí ó bá sì pọ̀ jù, òmíràn nínú àwọn òògùn náà lè pa ẹran. Obìnrin tó ní àgùntàn mẹ́ta péré ní ẹ̀yìnkùlé kò lè fara da irú òfò bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àgùntàn yẹn ni owó ilé ìwé tàbí owó ìtọ́jú àìsàn.

2. Àgùntàn wo ni à ń sọ?

Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn máa ń ka ìran àgùntàn mẹ́rin pàtàkì ní Nàìjíríà. Mẹ́ta nínú wọn, Yankasa, Uda àti Balami, jẹ́ ti Òkè Ọya. Yankasa funfun, ó sì máa ń ní àbàwọ́n dúdú yí ojú ká, àti ní etí àti imú. Uda ni èyí tí iwájú ara rẹ̀ dúdú tàbí pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, bí ẹni pé ẹran méjì ni a rán pọ̀. Balami ló tóbi jù. Etí rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni a máa ń rí nínú ọkọ̀ akẹ́rù bí ọdún Iléyá bá ń sún mọ́lé. Ẹ̀kẹrin ni ti ilẹ̀ igbó àti ọ̀dàn tó wà ní apá gúúsù. Òun ló wà ní abúlé wa, òun náà ló wà káàkiri ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, Djallonké ni wọ́n ń pè é. Ó kúkúrú, kò ní irun bí òwú, èyí tó dàgbà nínú wọn sì sábà máa ń wúwo tó nǹkan bí kílò 20 sí 35. Gíga rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè gbé níbi tí eṣinṣin tsetse wà láìkú, níbi tí Balami kò ti lè pẹ́.

Ìṣòro orúkọ dé níbí. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àgùntàn yìí ni ọ̀rọ̀ tó ń pe aràrá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti kọ “àgùntàn aràrá” sínú ìwé rẹ̀ kí n tó rí i. N kò fara mọ́ ọn. Ní èdè wa, aràrá ni ẹni tí kò ga tó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ga. Àgùntàn abúlé ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bí a bá tẹ́tí sí àwọn tó ni ẹran, a ó rí i pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kankan yán orúkọ rẹ̀. “Àgùntàn” lásán ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ti Òkè Ọya wá ni wọ́n ń yán, tí wọ́n ń pè ní “àgùntàn Hausa” tàbí “àgùntàn ẹlẹ́sẹ̀ gíga”. Ìyẹn ni pé lójú wọn, tiwa ni òṣùwọ̀n, tèkejì ló yàtọ̀. “Àgùntàn ìbílẹ̀” ni mo fi sílẹ̀ nínú ìwé, mo sì fi “kúkúrú” kún un níbi tí a bá ti gbọdọ̀ fi í wé àwọn yòókù.

Fún ọ̀rọ̀ tó dúró fún ẹgbẹ́ ẹran tó jọ ara wọn tí wọ́n sì ń bí irú ara wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo “ẹ̀yà”. Kò burú bí kì í bá ṣe pé “ẹ̀yà ara” wà nínú ìwé kan náà. Ẹni tó bá ka “ìwọ̀n ẹ̀yà àgùntàn” kò ní mọ̀ bóyá Yankasa ni à ń sọ tàbí itan. Nítorí náà mo yan “ìran” fún ti àkọ́kọ́, mo sì fi “ẹ̀yà ara” sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, orí àti ìrù.

3. Ìwọ̀n, ìwúwo àti ìtóbi

Ọ̀rọ̀ ìṣe “wọ̀n” gbòòrò púpọ̀ ní Yorùbá. A ń wọn aṣọ, a ń wọn ilẹ̀, a ń wọn gàrí, a sì ń wọn ẹran. Ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ló ń sọ irú wíwọ̀n tó jẹ́. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n. “Ìwọ̀n” tún lè túmọ̀ sí mímọ nǹkan mọ bó ṣe yẹ, bí a ṣe ń sọ pé kí ènìyàn jẹun níwọ̀n. Bí a bá wá kọ “ìwọ̀n àgùntàn: ______” sínú ìwé, kí ni ẹni tó ń kọ ọ́ yóò kọ? Mo rí ìwé kan tí ọmọdékùnrin kan ti kọ “ó mọ níwọ̀n” sí àlàfo yìí. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ bá èdè mu ju ìbéèrè mi lọ.

Ìpinnu tí mo ṣe ni pé kí “ìwọ̀n” jẹ́ orúkọ gbogbogbòò fún ohunkóhun tí a bá fi irinṣẹ́ mọ iye rẹ̀, kí “ìwúwo” sì jẹ́ ti sìkéèlì nìkan. Àwọn oníṣòwò ẹran máa ń sọ pé ẹran kan “tẹ̀wọ̀n”, ó sì ṣe mí bíi pé kí n mú “ìtẹ̀wọ̀n” láti inú rẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ẹran náà tẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n “ìwúwo” ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ẹni tó bá sì ń di àgbò mú kò ní ìgbà láti ronú lórí ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn onímọ̀ físíìsì lè sọ pé kílò kì í ṣe òṣùwọ̀n ìwúwo gan-an. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ìjà náà sílẹ̀ fún wọn.

“Ìtóbi” ni kò wọ inú ìwé náà rárá. A bi ìyá àgbàlagbà kan pé, “Ìyá, èwo ló tóbi jù nínú àwọn àgùntàn yín?” Ó nawọ́ sí abo kan tó rù, tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. A rò pé kò gbọ́ wa yé. Ó ní, “Ìyẹn náà ni. Òun ló bí gbogbo wọn.” Lójú tirẹ̀, àgbà ni ìtóbi. Ẹlòmíràn lè lò ó fún gíga, ẹlòmíràn fún sísanra. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ojú mẹ́ta kò ṣeé fi díwọ̀n.

4. Ibi tí téèpù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Ibí gan-an ni mo ti ṣìṣe. Ohun tí mo kọ sínú ìwé àkọ́kọ́ ni “gígùn ara: láti èjìká dé ìdí”. Ó dùn ún gbọ́, Yorùbá tó gún régé sì ni. Ní abúlé kìíní, wọ́n gbé téèpù lé òkè ẹ̀yìn, níbi tí eegun èjìká méjèèjì ti pàdé, wọ́n sì fà á lọ sí ibi tí ìrù ti hù. Ní abúlé kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, níbi tí eegun apá ti yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí eegun ìdí lábẹ́ ìrù. Ọ̀nà kejì ni àwọn onímọ̀ fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀nà kìíní ṣì ìwé náà kà, nítorí “èjìká” ni ibi méjèèjì, “ìdí” sì ni ibi méjèèjì pẹ̀lú.

Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ara ènìyàn ni orúkọ ẹ̀yà ara wa ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn dúró lóòró. Èjìká rẹ̀ ni òkè pátápátá lẹ́yìn ọrùn, ó sì tún ni ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí a bá gbé orúkọ náà fún ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, òkè àti iwájú yóò ya ara wọn, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọn yóò máa jẹ́. Ohun tí a ṣe ni pé a wá ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. A pe òkè èjìká, tó ga bí ebè láàárín eegun méjèèjì, ní “gegele èjìká”. A pe ti iwájú ní “ṣóńṣó èjìká”. Bákan náà ni a ya “ìdí ìrù” sọ́tọ̀ kúrò lára “ṣóńṣó eegun ìdí”. Kò sí ọ̀kan tó ṣàjèjì nínú wọn. Àgbẹ̀ mọ gegele, ẹni tó bá sì ti gbẹ́ igi rí mọ ṣóńṣó.

Nípa báyìí, àwọn ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù di:

(1) a. gíga gegele: láti ilẹ̀ dé gegele èjìká
b. gíga ìbàdí: láti ilẹ̀ dé òkè eegun ìbàdí
d. gígùn ara: láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó eegun ìdí
e. ìyíká igẹ̀: yíká gbogbo àyà, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gẹ́rẹ́

Mo ní láti sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí (1e). “Àyíká àyà” ni mo kọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó yí nǹkan ká ni “àyíká” ń tọ́ka sí, bí àyíká ilé tàbí àyíká ọjà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “ì-” ló bá ohun tí a fẹ́ mu, nítorí pé bí téèpù ṣe yí ara ká ni à ń wọ̀n, kì í ṣe ibi tó wà lẹ́bàá ara. “Àyà” náà ń mú ọkàn ènìyàn lọ sí iwájú nìkan, níbi tí ọmọ ti ń mu ọmú. “Igẹ̀” ni alápatà ń lò, ẹni tó bá sì ra ẹran rí mọ ibi tí igẹ̀ wà.

Ìwọ̀n yìí yẹ ní àkíyèsí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Sìkéèlì kò sí ní abúlé. Bó bá sì wà, gbígbé àgbò kọ́ sí i kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Téèpù aránṣọ kò wọ́n. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń rí ni pé nínú gbogbo ìwọ̀n tí a fi téèpù mọ̀, ìyíká igẹ̀ ló ń bá ìwúwo rìn jù. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí àwọn ọlọ́sìn ń lò fún màlúù àti àgùntàn: a ó sọ ìyíká igẹ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀, a ó tún sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà gígùn ara, a ó wá fi 10,840 pín in, bó bá jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà ni a lò. Ohun tí yóò jáde ni iye kílò. Ká ní ìyíká igẹ̀ jẹ́ 65, tí gígùn ara sì jẹ́ 55: ẹran náà yóò wúwo tó kílò 21 àti díẹ̀. Bí ẹni tó wọ̀n ọ́n bá lo èjìká mìíràn, tí gígùn rẹ̀ wá di 48, ìwúwo yóò já wálẹ̀ sí kílò 18 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹran kan náà ni. Ilẹ̀ wa kọ́ ni a ti ṣe ìlànà náà, nítorí náà ó yẹ kí a fi sìkéèlì dán an wò lára àgùntàn tiwa kí a tó gbára lé e. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó lè dára ju ibi tí a gbé téèpù lé lọ.

Bí ẹran ṣe dúró náà ṣe kókó. Kí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣánṣán, kí orí má wọlẹ̀. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí wọ́n tó tú ẹran sílẹ̀. Àgùntàn tó bá ti jẹ èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ yó, tó tún mu omi èèrí lé e, ti gbé ẹrù pamọ́ sínú àpòlúkù. Ẹrù yẹn ni sìkéèlì yóò kà mọ́ ọn. Aboyún gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé.

5. Àmì ohùn

Àwọn kan rò pé àmì ohùn jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí àwa olùkọ́ èdè fi ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé wa yìí wò. Ẹni tó kọ “agbo 3” láìfi àmì sí i, ṣé agbo mẹ́ta ló rí ni, tàbí àgbò mẹ́ta? Bí ó bá jẹ́ agbo, ó lè jẹ́ ogójì ẹran. Bí ó bá jẹ́ àgbò, mẹ́ta péré ni. Irú èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, a sì ní láti ránṣẹ́ padà lọ bèèrè. Bákan náà ni “iru” lè jẹ́ irú tàbí ìrù. Àlàfo kan wà fún gígùn ìrù, òmíràn sì wà fún irú àwọ̀ irun. Ẹ tún wo gbólóhùn yìí:

(2) Wọ́n wọn àgùntàn wọn tó wọ́n.

Wọ́n mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, “wọ̀n” ti bọ́ sí ohùn ti “wọn” tó tọ́ka sí oní-nǹkan. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà pẹ̀lú àmì tó pé, mo sì fi “akọ” àti “abo” rọ́pò “àgbò” níbi tí wọn yóò ti fi ọwọ́ kọ ọ́. Akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ní àmì tirẹ̀, “òdá”, nítorí pé ara rẹ̀ kì í dàgbà bákan náà pẹ̀lú ti àgbò.

6. Òǹkà

Òǹkà Yorùbá dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú agboolé tí ewúrẹ́ ti ń ké, tí ọlọ ń lọ ata, ó lè ṣini lọ́nà. Ẹni tó di téèpù mú yóò pariwo “márùn-dín-láàádọ́rin”. Ẹni tó ń kọ ọ́ yóò gbọ́ “márùn-dín-láàádọ́ta”. Sílébù ìparí nìkan ló yà wọ́n, ogún sẹ̀ǹtímítà sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín 65 àti 45. Bí a bá fi ìlànà tó wà lókè ṣírò rẹ̀, àgùntàn kílò 21 yóò di kílò 10, ìdajì òògùn ni wọn yóò sì fún un. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa pe àmì iye ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “ẹ̀fà, àrùn.” Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mo gbà fún wọn, ṣùgbọ́n a kò yí i padà.

Ọ̀rọ̀ kíka tún ní ohun mìíràn nínú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé kì í sì í fẹ́ kí àlejò ka ẹran wọn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó ni àgùntàn yín?” ìdáhùn tó gbà ni, “Wọ́n ń bẹ, ọpẹ́ ni.” A pa ìbéèrè yẹn rẹ́. Ohun tó ń bèèrè báyìí, bí ó bá ti wọn ọ̀kan tán, ni, “Ó ku èyí tí a kò tí ì wọ̀n, mà?” Iye wọn yóò ti ara ìwé jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà wọ́n létí ẹni tó ni wọ́n.

7. Sísanra àti ọjọ́ orí

Méjì yìí kò nílò téèpù. Àwọn onímọ̀ máa ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran, lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ bí ẹran ara ṣe bo eegun tó, wọn yóò sì fún un ní iye láti 1 dé 5. Nígbà tí mo fẹ́ wá ọ̀rọ̀ fún un ni mo rí i pé àwọn oníṣòwò ti ní gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó rù kan eegun, ó rù, ó ṣe déédéé, ó sanra, ó sanra bọ̀lọ̀jọ̀. Ọwọ́ kan náà, ẹ̀yìn kan náà. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n fi 1, 2, 3, 4 àti 5 síwájú wọn lọ.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹnu ni a ń yẹ̀ wò. Àgùntàn kò ní eyín iwájú lókè. Mẹ́jọ ló ní nísàlẹ̀. Bí ó bá ti ń tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, méjì tó wà láàárín yóò yọ, ńláńlá yóò sì rọ́pò wọn. Méjì méjì ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, títí yóò fi pé mẹ́jọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin. A kọ “eyín àgbà” sínú ìwé, a sì ní kí wọ́n kọ 0, 2, 4, 6 tàbí 8. Obìnrin kan wò wá bí a ti ń ya ẹnu àgbò rẹ̀. Ó ní ọdún tí wọ́n fi iná mànàmáná wọ abúlé àwọn ni wọ́n bí i, kí a lọ wò ó lára òpó. A lọ wò ó: ọdún náà wà lára rẹ̀, ó sì bá eyín mu. Láti ọjọ́ náà ni àlàfo kan ti wà nínú ìwé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín àgbà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “ohun tí ẹni tó ni ín sọ”.